Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Jagunjagun Tí Wọ́n Ti Ń Tọ́ Fún Ìjà Láti Ọjọ́ Ìkómọ

Ìtàn mẹ́ta ni àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé fi ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá pé kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Méjì nínú rẹ̀ jọra bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Bàbá gbé ọmọ wọ inú igbó lọ́jọ́ tí ìwọ́ rẹ̀ já, ọmọ ń fi ẹkùn ṣeré ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ó jáde sígboro ní ọmọ ogún ọdún, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án, ó pa ọ̀tá tán, ìtàn parí. Nígbà tí mo fi dé àárín rẹ̀, ojú ìwé méjì-méjì ni mo ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò lè ṣubú, kí ni mo fẹ́ máa wò lára rẹ̀?

Síbẹ̀ mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún irú akọni bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń kọ ọ̀kan lọ́wọ́. Ọ̀nà tí mò ń gbà kọ ọ́ ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Mo máa pẹ́ lórí ìgbésẹ̀ kẹta, torí ibẹ̀ ni ìṣòro àwọn ìtàn méjì yẹn wà: wọ́n ka gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ ọmọ náà sílẹ̀ fún wa, wọn ò béèrè ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ̀kọ́ náà tó ráyè wọlé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ta ló ni ọmọ náà, ta ló sì ń bọ́ ọ?

Ẹ dáhùn èyí kí ẹ tó kọ ìjà kankan. Ìdáhùn mẹ́ta ni mo mọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ìlú ló ni ín, olówó ló rà á, tàbí òbí rẹ̀ ló sọ ọ́ di ohun èlò.

Ní Sparta, nílẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ìlú ló ni ọmọkùnrin. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì kan láyé àtijọ́, kọ ọ́ pé àwọn àgbà ìlú ló ń yẹ ọmọ tuntun wò kí wọ́n tó gbà kí wọ́n tọ́ ọ. Tó bá pé ọmọ ọdún 7, wọ́n á mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọmọ ọdún 12, aṣọ kan ṣoṣo ló ní fún ọdún kan, kò gbọdọ̀ wọ bàtà, orí koríko etídò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ létí odò Eurotas ló ń sùn. Wọn kì í fún un lóúnjẹ yó, kó lè máa jí i. Tí wọ́n bá ká a mọ́ ọn, ẹgba ni. Olè tó jà kò dùn wọ́n. Pé ó jẹ́ kí wọ́n rí òun ló dùn wọ́n.

Gbogbo ènìyàn mọ apá yìí. Apá tí àwọn òǹkọ̀wé máa ń gbàgbé ni pé ẹnì kan ń ro oko. Àwọn Helot, ẹrú ìlú, ló ń dáko tí àwọn ọmọ Sparta fi ráyè máa kọ́ ìjà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn ẹrú yìí sì pọ̀ ju olówó wọn lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ogun tí Sparta ń bẹ̀rù jù, inú ilé ló wà. Ẹ wá wo igbó tí bàbá inú ìtàn yín gbé ọmọ sá sí. Bí àwọn méjèèjì bá ń fa idà láti ìdájí, ta ló ń gún iyán? Ta ló ń fọ aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀? Ẹ mú obìnrin yẹn jáde láti ìdí ààrò, ẹ fún un lórúkọ. Mo ti rí ìtàn tó jí dìde lọ́jọ́ tí òǹkọ̀wé rẹ̀ rántí ẹni tó ń se ọbẹ̀.

Ní Íjíbítì, olówó ló ń rà á. Àwọn ọmọkùnrin ará Kipchak, láti pápá tó wà lókè Òkun Dúdú, ni wọ́n ń rà bí ẹrú, tí wọ́n ń kó sí bárékè ní Káírò. Wọ́n á kọ́ wọn ní kéú, wọ́n á kọ́ wọn ní ẹṣin gígùn, ọ̀kọ̀ àti ọfà, tí wọ́n bá sì ṣe tán, wọ́n á sọ wọ́n di òmìnira. Mamluk ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ló ṣẹ́gun àwọn Mongol ní Ayn Jalut lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1260. Ṣùgbọ́n ọmọ tí Mamluk bá bí kì í sábà di Mamluk, torí inú òmìnira ni wọ́n bí i sí. Bàbá á dé ipò ńlá tán, kò ní lè fa ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà tí òun gbà. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò tún lọ rà. Ìtàn odindi wà nínú gbólóhùn yẹn, kò sì sí idà kankan níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ Yorùbá, ẹ fara balẹ̀. Samuel Johnson, tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, sọ pé 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ ní Ọ̀yọ́, ohun méjì ló sì yẹ Ẹ̀ṣọ́: kó jà kó lé ogun, tàbí kó jà kó kú sógun. Ó tún kọ ọ́ pé tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnì kan jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, 201 gbẹ́rẹ́ ni wọ́n ń sín sí i lórí, pẹ̀lú oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orí àgbà ni wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́ yìí sí, orí ẹni tí ogun ti mọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń tọ́ fún ìjà nìkan láti ọjọ́ ìkómọ á jẹ́ ohun àjèjì ládùúgbò, ohun tí àwọn obìnrin tó lọ pọnmi máa sọ̀rọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí i. “Ọmọ yẹn kì í bá wọn ṣeré òṣùpá.” Gbólóhùn kan báyìí láti ẹnu aládùúgbò ju ojú ìwé mẹ́ta tí bàbá fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ọdún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan

Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ ọdún 0 dé ọdún 18 sí i, kí ẹ kọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ kan á tó o. Ó máa gbà yín lọ́wọ́ ẹkùn ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn.

Ọmọ ọwọ́ kò lè kọ́ ìjà, ọrùn rẹ̀ ò tíì dúró. Ohun tó wà láti kọ síbẹ̀ ni ẹni tó pọ̀n ọ́n. Bí bàbá bá ní òun ò fẹ́ kí ọmọ mọ ẹ̀yìn ènìyàn, tó jẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ ló ń gbé e sí, ẹ ti rí nǹkan ńlá kọ láìtíì fa idà yọ. Láti ọdún 3 dé 7, eré ni gbogbo rẹ̀: igi gígùn, ṣíṣubú, mímú nǹkan tí wọ́n jù lójijì. Láti ọdún 7 ni àṣetúnṣe á bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi ojú ìwé mẹ́wàá kọ àṣetúnṣe. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó, kó jẹ́ ọjọ́ tó yàtọ̀: ọjọ́ tí ibà ń ṣe é, tí wọ́n ṣì ní kó jáde.

Ọdún 13 ni mo fẹ́ràn jù. Ara á ṣàdédé na. Apá tó ń dúró síbì kan lánàá á kọjá ibẹ̀ lónìí, ẹsẹ̀ á máa kọ ẹsẹ̀. Ọmọ tó ti ń gbé àwọn ẹ̀gbọ́n ṣánlẹ̀ á wá máa da omi nù lórí ìkòkò. Bàbá tí kò mọ̀ á pè é ní ọ̀lẹ, á fi kún ẹgba. Ẹ sì rántí pé ẹ̀bá oríkèé ni egungun ọmọdé ti ń gùn. Bó bá kán níbẹ̀, apá yẹn lè máà gùn tó èkejì mọ́. Apá òsì akọni tí mò ń kọ lọ́wọ́ fi ìbú ìka kan kúrú ju ọ̀tún lọ. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ títí di orí kẹsàn-án, ṣùgbọ́n aránṣọ tó wọn ara rẹ̀ ní orí kejì ti rí i. Ó wọn apá náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ojú ọmọ, ó kọ iye méjì sílẹ̀, kò béèrè nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá ihò tí ẹ̀kọ́ náà gbẹ́ sí i lára

Nínú gbogbo akọni tí wọ́n tọ́ láti ọjọ́ ìbí fún ìjà, Cassandra Cain ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Inú kọ́míìkì Batman ló ti kọ́kọ́ yọjú lọ́dún 1999. Kelley Puckett ló kọ ọ́, Damion Scott ló yà á. Bàbá rẹ̀, David Cain, apànìyàn tí wọ́n ń háyà ni. Bàbá yìí pinnu pé òun ò ní bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ rárá. Kò sí èdè, kò sí ìwé, ìjà nìkan. Nítorí náà, ibi tí àwa fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ wa, òun fi ń ka ara ènìyàn: ó ti mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ máa gbà kí ẹni tó fẹ́ jù ú tó gbé apá. Ó wà lọ́mọdé nígbà tí bàbá mú un lọ pa ọkùnrin kan. Ó pa á, ó sì ka ikú náà lára ọkùnrin yẹn bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí. Ọjọ́ yẹn ló sá lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún. Ohun tó sọ ọ́ di abàmì nínú ìjà náà ló sọ ọ́ di odi láàárín ènìyàn. Nígbà tí wọ́n wá ṣí èdè fún un nínú ìtàn náà, kíka ara bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà kan. Ó ní láti lọ wá a padà. Ẹ kò lè fa ọ̀kan kí èkejì má mì. Ihò tí mò ń wí nìyẹn. Ó yàtọ̀ sí àlébù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́yìn ìgbà tí ìtàn ti tán. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, akọni rẹ̀ ń bẹ̀rù eku. Mo bi òǹkọ̀wé pé kí ni eku ṣe é. Ó ní òun ò tíì ronú débẹ̀.

Bí ìtàn yín bá wáyé láàárín wa, ẹ má jí àìgbédè Cassandra gbé. Ẹ wá tiwa. Àwa ń fi ara sọ̀rọ̀ ju bí a ṣe rò lọ: a ń dọ̀bálẹ̀, a ń kúnlẹ̀, ọwọ́ méjì la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í tẹjú mọ́ wọn. Gbogbo rẹ̀ pátá ló lòdì sí ohun tí wọ́n ń kọ́ jagunjagun. Ọwọ́ méjì tó kún kò lè gbèjà ara rẹ̀. Ojú tó wo ilẹ̀ kò rí ọ̀bẹ.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́ rèé, lọ́dún tó kọjá:

“Akíkanjú ni, kò bẹ̀rù ohunkóhun. Kò sí irú ìjà tí bàbá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Nígbà tó wọ agboolé náà, jìnnìjìnnì bo gbogbo wọn.”

Kò burú, kò sì dára. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Mo ya á, mo tún un kọ:

“Wọ́n ní kó wọlé wá kí Baálé. Ó wọlé, ó dúró. Ẹnu ọ̀nà méjì ni yàrá náà ní. Wọ́n ta aṣọ bo èyí tó wà lẹ́yìn Baálé, ẹsẹ̀ kan sì yọ lábẹ́ aṣọ náà, ẹsẹ̀ obìnrin, làálì wà lórí èékánná rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin jókòó lápá ọ̀tún. Ọ̀kan ń fọwọ́ ra orúnkún òsì. Ìyẹn ò lè tètè dìde. ‘Dọ̀bálẹ̀, ọmọ yìí,’ ẹnì kan sọ. Ó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, ó ti rí i tí àwọn ọmọdé ń ṣe é lójúde. Ó tẹ orúnkún. Ó fọwọ́ tilẹ̀. Àyà rẹ̀ ku díẹ̀ kó kan ilẹ̀, ibẹ̀ ló dúró sí, apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi kọ́ ọ pé ẹni tó bá dojú délẹ̀ níwájú àlejò ti kú. Baálé wò ó títí. ‘Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?’”

Kò sí ẹni tó jà níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó rí kí a tó rí i (ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀, orúnkún) ti sọ irú ẹ̀kọ́ tó gbà fún yín, láìjẹ́ pé mo ṣàpọ́nlé rẹ̀. Baálé ṣì í mú, ó rò pé àìsàn ni, àánú rẹ̀ sì le fún ọmọ náà láti gbà ju ìbínú lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má jẹ́ kí Baálé bínú. Baálé tó bínú á fa ìjà, akọni á sì borí, a ó padà sí ibi tí a ti kúrò.

Bí ẹ ṣe máa wá tiyín rèé. Ẹ mú ohun kan tí wọ́n fi kọ́ ọ, kí ẹ béèrè pé kí ni ohun kékeré tí ọmọ yòókù ń ṣe, tí òun kò ní lè ṣe mọ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ láti jẹun kíákíá kí wọ́n má bàa já a gbà: ẹ mú un jókòó ti àwo kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé, níbi tí àgbà ti ń pín ẹran nígbẹ̀yìn. Ó ti jẹ ẹran tán, gbogbo wọn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ láti má sùn wọra: ta ni yóò fẹ́ ẹ, tó bá ń dìde ní gbogbo ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá yí ẹ̀gbẹ́? Wọ́n kọ́ ọ pé kó má jẹ́ kí irin kan ọrùn rẹ̀: ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, mo lo ọjọ́ mẹ́rin lórí rẹ̀. Onígbàjámọ̀ pọ́n abẹ lára awọ, ó da omi sí i lórí, ó fi ìka méjì tẹ orí rẹ̀ síwájú bó ṣe ń ṣe fún gbogbo ènìyàn, ọwọ́ ọmọ náà sì ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Abẹ bọ́ sínú omi. Irun rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí tó fi kún dé èjìká.

Orúkọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí wọn ò kì rí kò mọ bí orí ṣe ń wú. Nínú ìtàn mi, bàbá kò sọ ọ́ lórúkọ, “Ìwọ” ló ń pè é. Ìyá àgbà kan nínú agboolé náà ló sọ ọ́ ní Àjàní, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń bá a ṣa ẹ̀gúsí. Ọmọ náà gbọ́ “jà” nínú rẹ̀, ó rò pé ìyá àgbà ti gbọ́ irú ẹni tí òun jẹ́. Màmá ní rárá o. Ẹni tí a jà kí a tó ní i ni. Àwọn ẹlòmíràn ló jà.

Òwe wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọ́n kọ́ ọmọ tiwa yìí ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní ilé tí yóò tà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jẹ́ kó ṣubú, ẹ sì yan ẹni tó máa gbé e ṣubú dáadáa

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ lọ wá jagunjagun kejì tí wọ́n tọ́ jù ú lọ. Ìtàn gidi kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù Sphacteria, lọ́dún 425 ṣáájú ìbí Kristi, 292 ọmọ ogun láti ọ̀dọ̀ Sparta ló juwọ́ sílẹ̀ láàyè, bí 120 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Sparta gan-an. Gbogbo Gíríìsì la ẹnu sílẹ̀. Tafàtafà àti àwọn tó ń ju òkúta láti òkèèrè, nínú ọmọ ogun Athens, ló ṣe é: wọn ò jẹ́ kí àwọn ará Sparta sún mọ́ wọn débi tí ẹ̀kọ́ ìjà Sparta ti wúlò.

Èyí tó wà nítòsí wa tún dùn ún gbọ́ jù. Ní oṣù Kẹta ọdún 1851, ogun Dàhòmì dé ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ológun tí wọ́n ń pè ní Agojie sì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin yìí ti wọ iṣẹ́ náà láti kékeré. Àwọn àlejò òyìnbó tó lọ sí Àbọ̀mé, olú ìlú Dàhòmì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn rí wọn tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lásán gun òkìtì ẹ̀gún níwájú ọba. Àwọn Ẹ̀gbá tó dúró lórí odi, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ àgbẹ̀ àti oníṣòwò lọ́jọ́ tí kò bá sí ogun. Wọ́n lé Dàhòmì padà. Lọ́dún 1864 Dàhòmì tún wá, wọ́n tún lé wọn. Odi wà, ìbọn wà, ọmọ àti ìyàwó wà lẹ́yìn odi. Ẹ má ṣe tìtorí èyí bu ìgboyà àwọn obìnrin náà kù, torí àwọn tó bá wọn jà gan-an kò bu ú kù. Wọ́n kọ́ ìjà. Wọn ò lè fi ìjà kọ́ odi.

Nítorí náà ẹ wá odi tiyín. Ó lè jẹ́ ọ̀nà jíjìn, ó lè jẹ́ iye, ó lè jẹ́ ibà. Ìyá elélùbọ́ ló gbé Àjàní ṣubú ní ọjà: ó da èlùbọ́ sí i lójú, ó fi igbá gbá a, ó jókòó lé e láyà, ó wá ń pariwo olè. Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó kà á ní ibẹ̀ ni òun ti kọ́kọ́ fẹ́ràn ọmọ náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Èdè ìjà

“Wọ́n jà fitafita” kò sọ nǹkan kan fún mi. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ ìṣe fún gbogbo ibi tí ìjà lè gbà, àwọn oníjàkadì sì ń lò wọ́n lójoojúmọ́: ó kó o lẹ́sẹ̀, ó gbá a mú, ó yẹ̀ ẹ́, ó gbé e ṣánlẹ̀, ó kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó lọ́ ọ lápá. Ẹ yan ọ̀kan tó péye, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń dún, gbì, pàá, fìrì, gbàmù, ata ni wọ́n. Ọ̀kan tó fún ìpínrọ̀ kan. Bí ẹ bá kó márùn-ún jọ, àlọ́ ọmọdé ló máa jọ. Ẹni tó mọ ìjà gan-an kì í pariwo. Gbólóhùn kúkúrú mẹ́ta, ẹnì kan ti wà nílẹ̀, ẹ sì lo ìyókù ojú ìwé fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: ta ló ń wò, ta ló sá, ta ló wá bu omi fún ẹni tó ṣubú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn kọ ọ́ pé akọni òun, obìnrin ni, “gbé ọkọ rẹ̀ sókè, ó jù ú lu ọ̀tá, ọkọ náà gún un láyà”. Ọ̀kọ̀ ló ní lọ́kàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹni tó tọ́ ọ

Ìkà pátápátá kò wúlò fún yín. Ẹ fún un ní ìdí tó lè sọ lójú ọ̀nà oko kí aládùúgbò mi orí sí i. Bàbá Àjàní ní Ifá ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ẹsẹ̀ntáyé, pé ogun ni orí ọmọ náà yàn. Babaláwo tó dá a ti kú. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Títí ìtàn fi parí, mi ò sọ bóyá òótọ́ ni, torí bí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn á kú.

Ẹ sì má rò pé gbogbo òbí tó pinnu kí ọmọ tó dáyé ló ba ọmọ jẹ́. László Polgár, ará Họ́ngárì, ti ní in lọ́kàn kí ó tó bímọ pé òun máa fi hàn pé títọ́ ni wọ́n ń tọ́ olóye. Ayò ṣẹ́ẹ̀sì ló fi tọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta, nínú ilé. Judit, àbíkẹ́yìn wọn, di ọ̀gá àgbà ayò náà lọ́dún 1991, ní ọmọ ọdún 15. Kò tíì sí ẹni tó kéré tó o tó gba oyè yẹn títí di ìgbà náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí òǹkàwé má mọ ẹ̀yìn ẹni tí yóò wà, ẹ jẹ́ kí bàbá yín ní díẹ̀ lára ìfẹ́ irú bàbá yìí. Ẹ kọ alẹ́ ọjọ́ kan tó ń fi òrí pa ojú ọgbẹ́ ọmọ, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó má bàa ta á. Ọwọ́ tó nà án láàárọ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ keje: Ibi tí ẹ máa dá a dúró sí

Kì í ṣe orí ìjà pẹ̀lú bàbá. Mo mọ̀ pé ó ń wù yín. Ó wu èmi náà, mo kọ ọ́, ojú ìwé méjìlá, nínú òjò, pẹ̀lú mànàmáná. Mo ti pa á rẹ́. Ẹni yòówù kó ṣẹ́gun nínú ìjà yẹn, bàbá ló borí, torí ìjà ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀.

Ẹ padà lọ sí ihò tí ẹ gbẹ́ ní ìgbésẹ̀ kẹta. Ẹ yan èyí tó kéré jù nínú gbogbo ohun tí kò lè ṣe, ẹ gbé e síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́jọ́ tí kò sí ẹni tó fipá mú un. Kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá ṣe é, kó má ṣe é tán. Kí nǹkan kan nínú ẹ̀kọ́ àtijọ́ ṣì hàn lára rẹ̀, torí ọdún mẹ́rìndínlógún kì í kúrò lára lóòjọ́.

Bí tèmi ṣe parí lọ́wọ́lọ́wọ́ rèé, mo ṣì lè yí i padà:

“Ọjọ́ Ẹtì ni, oníbàárà pọ̀. Àjàní dúró títí gbogbo wọn fi lọ. Ó gbé àpótí náà kúrò níbi tó wà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, ó jókòó síbi tó ti lè rí ojú ọ̀nà. Onígbàjámọ̀ rí gbogbo rẹ̀, kò wí nǹkan kan. Ó pọ́n abẹ. Ó bu omi. Ó dúró níwájú rẹ̀ níbi tí ọmọ náà ti lè rí ọwọ́ òun méjèèjì.

‘Tẹrí ba díẹ̀.’

Àjàní wo abẹ náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí àpótí mú ṣinṣin, ó sì tẹrí.”